Bí Mo Ṣe Sùn Lọ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ọjọ́ alẹ́ mi. Bí mo bá dá jókòó lọ́sàn-án, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ yẹ́ẹ́, mo ṣì máa ń rí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà lójú mi, funfun báláú, ó gbóná bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni mo wà. Ọjọ́ náà ni mo sùn lọ níwájú gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá. Oorun nìkan kọ́, mo tún sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní Ìrókò, ìlú àwọn àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀, dírìlì lọ́sàn-án. Dírìlì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Tí mo bá ti fun fèrè, tí gbogbo ọmọ gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń dà bíi pé oko àgbàdo kan ló ń mì lórí ìdúró. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, a kó àwọn ọmọ wa lọ ṣe dírìlì ní Ìbàdàn, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bánkọ́lé bá tọ̀ mí wá. Ó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa kọ́ àwọn ìyá ilé ní eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Ṣé ẹ lè ṣe é, Tíṣà?"

"Kí ló lè tó yẹn?" ni mo dá a lóhùn. Mi ò tíì fojú kan tẹlifíṣọ̀n rí láyé mi.

Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò fi dán mi wò, bó bá dára, iṣẹ́ di tèmi. Nígbà yẹn, kò sí pé à ń ká a sílẹ̀ ká tó gbé e jáde. Bí o bá ti ń ṣe é ni gbogbo ayé ń wò ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí àwọn òǹwòran pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa," mo wá dákẹ́, mo ń retí kí wọ́n dáhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn: ẹni tí a bá kí ló yẹ kó dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó máa lọ. Bánkọ́lé ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ṣe bí ó ń kí mi ni, mo bá kúnlẹ̀ kí òun náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìró mi tú níbi tí mo ti ń fò. Mo fi ọwọ́ òsì di ìró mú, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ wọn lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn obìnrin kan ní apá Lálúpọn kì í ṣe eré ìdárayá láìfọwọ́ òsì di ìdí mú. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Tíṣà," ni Bánkọ́lé wí, "ìró yìí kò lè bá wa débì kankan. Ẹ lọ wá ṣòkòtò wọ̀."

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yìí ló wá dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, ìrun márààrún kì í sì í yẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Inú wọn ò kúkú dùn sí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ wọ ṣòkòtò, wọ́n gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀.

"Mo rán ọ nílé ìwé kí o lè rí àga jókòó lé," ni wọ́n wí. "Èwo ni ti fífò sókè níwájú àwọn tí a kò mọ ilé bàbá wọn?"

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò dá mi lóhùn mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, orí ọ̀pẹ ni wọn yóò gbójú lé, àfi bí ẹni pé ọ̀pẹ ló kí wọn. Mo lè fi ṣe ẹ̀rín báyìí, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun nígbà náà. Èmi ni àkọ́bí wọn. Láti kékeré lèmi pẹ̀lú wọn ti jọ ń lọ sóko, àwa méjèèjì péré, wọ́n á wà níwájú, n ó wà lẹ́yìn.

Télọ̀ tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ní òun kò lè rán ṣòkòtò fún mi nítorí bàbá mi, pé òun ṣì fẹ́ máa gbé ìlú náà. Ni mo bá ra kákí, mo jókòó tì í pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, mi ò fojú kan oorun fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ń rán pọ̀ tó ń di ṣòkòtò. Ta ni ìbá sọ fún mi pé oríta àárín ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ogun ti ń jà?

Bí mo ṣe ń jáde lọ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ìyá bàbá mi, Ìyá àgbà, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá rẹ ń bọ̀ wá wò ọ́ lónìí ní gbọ̀ngàn ìlú," ni wọ́n wí. "Mo ní kó lọ wo ohun tó ń bínú sí ná."

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní Ìrókò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni, gbọ̀ngàn ìlú ló wà, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n sì fi ń tàn án. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó bàjẹ́ kí a tó dé Mọníyà. Mo fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn títí mo fi rí ọkọ̀ mìíràn, nígbà tí mo sì fi máa dé Ìbàdàn, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo sáré wọ ṣòkòtò mi, wọ́n tan iná, mo bọ́ síwájú.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ yẹn yí mi ká, mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́, ó dà bíi pé mo wà nínú ìkùukùu. A na ọwọ́, a yí ọrùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ kí n fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Lẹ́ẹ̀kejì, ó dára. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ "fààà" lẹ́yìn mi, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi níbi tí kò yẹ kó dé.

Bàbá mi nìkan ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ń wò mí. Bí mo bá yí ẹ̀yìn padà, mo gbé. Mo bá rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbọnrangandan.

"Ẹ̀yin ìyá wa," mo wí, "ẹ jẹ́ ká dùbúlẹ̀ báyìí. Ẹ pa ojú dé. Ẹ rọra mí wọlé, ẹ rọra mí jáde."

Ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn ló yẹ ká fi ṣe èyí. Ó ku bíi mẹ́wàá. Mo pa ojú tèmi náà dé, kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ. Ẹní náà rọ̀. Iná yẹn ń yá mi lára bí ẹni tó ń yáná lẹ́yìn òjò. Mo mí wọlé, mo mí jáde. Mi ò rántí pé mo tún mí wọlé mọ́.

Ọ̀nà oko wa ni mo bá ara mi. Ìrì wà lórí koríko, ojú ọ̀nà rọ̀ bí òwú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá mi ń lọ níwájú, ọkọ́ wà léjìká wọn. Agbọ̀n iṣu wà lórí mi, bí mo ṣe ń rìn ni iṣu náà ń pọ̀ sí i. Mo ń pe Bàbá, wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, ìkùukùu sì ń bò wọ́n díẹ̀díẹ̀. Mo wá gbé ohùn sókè pé, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n sọ ọ́ kalẹ̀?"

Mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ̀.

Bánkọ́lé ti rò pé ẹ̀kọ́ ni mo ṣì ń kọ́ wọn. Ìgbà tó gbọ́ tí mo ń pe Bàbá ló tó yé e. Kò lè pariwo, nítorí wọn yóò gbọ́ ọ nílé gbogbo. Ó bọ́ bàtà, ó rákò wá, ó sì fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Àwọn òǹwòran kàn rí ọwọ́ kan tó yọ láti ibi tí wọn kò mọ̀, tó ń fa Tíṣà lẹ́sẹ̀. Mo ta jí, mo jókòó gbàgà, mo ṣe bí inú kíláàsì ni mo wà.

"Gbogbo yín, ẹ dìde," mo wí. Ibẹ̀ ni àkókò wa ti tán.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Bánkọ́lé fún mi ní omi mu, ó ní kí n lọ sinmi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. Mo ró ìró mi lé ṣòkòtò, mo lọ sílé àbúrò ìyá mi ní Ajíbọ́dé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́.

Nígbà tí mo padà dé Ìrókò lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn fún mi. Wọ́n ní gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ dùbúlẹ̀ bí mo ṣe wí, wọ́n pajú dé, wọ́n ń retí kí n ní kí wọ́n là á. Àwọn kan ti ń hanrun. Bàbá arúgbó kan ní ó jọ pé Tíṣà ti kú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí "Ìnná lilláhi". Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn mi.

"Bàbá rẹ dìde lórí bẹ́ǹṣì," ni Ìyá àgbà wí. "Ó ń lọ bá àpótí náà tààrà. Ó ní, 'Sọ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń bọ̀ wá gbé e.' Ìgbà tó forí gbá a ló tó dúró."

"Ṣé àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín?"

"Rárá," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín."

Mo bá Bàbá lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣa èbù iṣu. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí.

"Ó rẹ̀ ọ́," ni wọ́n wí.

"Ó rẹ̀ mí, sà."

"Ta ló rán ṣòkòtò yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀." Wọ́n gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n dìde. "Gbé e wá, ká jọ lọ bá télọ̀."

Iṣẹ́ náà kò sì bọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bánkọ́lé kó lẹ́tà wá bá mi, àwọn obìnrin ń béèrè ìgbà tí a tún máa dùbúlẹ̀. Ọ̀kan kọ̀wé láti Adégbàyí pé láti ìgbà tóun ti bí ọmọ kẹfà, ọjọ́ náà lòun kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ọkọ òun bi òun léèrè, òun ní tẹlifíṣọ̀n ló pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, títí mo fi bí ìbejì mi. Ìdùbúlẹ̀ la fi ń parí rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n èmi kò pajú dé mọ́. Ojú mi á là kalẹ̀ bí ojú ẹja.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń fi oorun du ara rẹ̀ ní àdúgbé. Oorun yóò wá gba tirẹ̀, kò sì ní bi ọ́ bóyá àwọn èèyàn ń wò. Mo tún mọ̀ pé ohun tí mi ò lè sọ fún bàbá mi lójú ayé, ojú oorun ni mo ti sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ mi bá sọ pé, "Màmá, ẹ lọ sinmi," mi ò kì í jiyàn. N ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi nìkan, n ó sì wá ibì kan nà sí.