Wòlíì Tó Bọ́ Awò Ojú Kó Tó Ṣubú

Ẹ wá wo èmi Gbémisọ́lá, Àpáta Olósùnta tó wé gèlè, Opó-tí-kì-í-sunkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Afọláyan ọkọ mi, gbogbo obìnrin ilé ń ké, èmi ń tún gèlè ṣe. Mo ní ẹkún ń ba àtíkè jẹ́. Wọ́n yìn mí, mo sì jẹ ìyìn náà bí ẹni jẹ iyán mọ́ ẹran ìgbẹ́.

Kò pẹ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yà mí lẹ́sín. Màá ṣubú, apá ń jà, ẹsẹ̀ ń jà, wọn á pè mí, n kò ní lè dáhùn. Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù l'Ádó. Wọ́n so wáyà mọ́ mi lórí bí ilé tí wọ́n fẹ́ fa iná sí. Ibẹ̀ náà ni mo ṣubú sí, ẹ̀rọ wọn sì rí i.

“Màmá, kì í ṣe wárápá,” ni Dókítà Dáramọ́lá wí. “Ọpọlọ yín kò ṣe bíi ti oníwárápá nígbà tí ẹ ń gbọ̀n. Ẹ ò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbànújẹ́ tí èèyàn gbé mì lè gba ara jáde. Ẹ máa wá bá ẹnìkan níbí sọ ọ̀rọ̀ Bàbá tó ti lọ.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá kẹ̀? Mo ti gbọ́ èyí tó wù mí: kì í ṣe wárápá, kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Kí ló wá kù? Ẹ̀mí Mímọ́ ni.

Nígbà tí mo tún ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n fún mi ní àga iwájú.

“Yèyé, ẹ jẹ́ á padà sọ́dọ̀ dókítà,” ni Fúnmiláyọ̀ wí.

“Ta ní ń gbé wòlíì lọ sí ọsibítù?”

Ọjọ́ ìkórè, Pásítọ̀ Gbénró kéde pé lẹ́yìn ìwàásù, Ẹ̀mí á bà lé Màmá. Wọ́n gbé máìkì dé. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo dúró kí ara gbọ̀n, ara kọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe rí, n kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo bá bọ́ awò ojú mi, mo tì í sínú báàgì. Mo ká ìró mọ́ra, mo wo ibi tí ẹní ti nípọn, mo ṣubú síbẹ̀.

“Ẹ̀mí yìí mà lójú o,” ni Ìbídùn wí, ẹni tí a jọ ṣe ọmọdé. “Ó kọ́kọ́ bá a tọ́jú awò.”

Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akọrin ń fi ìwé orin bo ẹnu. Pásítọ̀, tó fẹ́ gba ojú ara rẹ̀ là, na máìkì sí mi nílẹ̀.

“Màmá, kí ni Ẹ̀mí wí?”

Mo wá irọ́, n kò rí. Ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni, “Afọláyan ti kú.”

Ẹ̀rín dá. Mo tún un wí. Ẹkún wá já bí odò tó ya bèbè, máìkì sì gbé e dé títì.

Ìbídùn wá jókòó tì mí nílẹ̀.

“Sún díẹ̀, Ìyá Fúnmi,” ni ó wí. “Ẹní yìí gba èèyàn méjì.”