Pátákó Òpópónà Àjíbóyè

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ọ̀rọ̀ Bàbá Akínpẹ̀lú ti Òkè-Ìrókò ni.

Bàbá Akínpẹ̀lú fẹ́ di alága àwọn onílé àdúgbò wọn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa yàn án, kò sì sẹ́ni tó bá a du ipò náà. Ohun kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Pátákó páànù kan wà ní oríta wọn tẹ́lẹ̀, “Òpópónà Àjíbóyè” ni wọ́n kọ sí i. Àjíbóyè yìí ló bí Bàbá Ọláwoyin, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Akínpẹ̀lú. Ó ń dun Akínpẹ̀lú pé orúkọ bàbá oníbàbá lòun fi ń júwe ilé òun fún àlejò. Nígbà tí ìjì jà lọ́dún kan, ó yọ́ lọ tú pátákó náà, ó sì bá gbogbo àdúgbò kẹ́dùn pé ìjì ti gbé e lọ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi bo ilé tòlótòló.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Fúráìdé, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọmọbìnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ọmọ náà ya ẹlẹ́kọ tó ń ṣí ewé. Ó ya ewúrẹ́ tó sùn sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé ìdí òpó irin tí pátákó wà tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó sókè sódò, ó ya òun náà. Ara bẹ̀rẹ̀ sí fu Bàbá Akínpẹ̀lú.

“Ìyá Ṣadé, wá wo ọmọ yìí. Ìjọba ló rán an.”

“Fọ́tò ló ń yà,” ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

“Fọ́tò òpó lásán? Ohun tí o bá mọ̀, fi sínú o.”

“Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ fi sínú, Bàbá Ṣadé.”

Kò gbọ́. Ìfura loògùn àgbà, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i. Ó ní Morẹ́nikẹ́ lorúkọ òun, ọmọ ilé Alágbẹ̀dẹ, òun fẹ́ ya àwọn pátákó àtijọ́ ìlú kí wọ́n tó parẹ́ tán.

“Ìjì ló gbé e,” ni Akínpẹ̀lú wí.

“Kí ni, sà?”

“Pátákó. Mi ò tiẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà.”

“Mi ò béèrè, sà.”

Bàbá Ọláwoyin ti jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń run pákò jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹlẹ́kọ náà ti dúró. Ẹ̀rù wá ba Akínpẹ̀lú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rò pé ìdákẹ́jẹ́ wọn ní ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ nǹkan kan.

“Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ó wà lórí ilé tòlótòló mi,” ó ní, “irọ́ ni. Owó mi ni mo fi ra páànù yẹn.”

“Mi ò mọ̀ pé ẹ ní tòlótòló, sà.”

Bàbá Ọláwoyin yọ pákò lẹ́nu. “Ẹ jẹ́ ká lọ kí tòlótòló.”

Akínpẹ̀lú sá ṣíwájú wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí páànù náà, ó fi apá méjèèjì dì í mú, orí rẹ̀ rọ̀ sí ẹnu ilé tòlótòló. “Ẹ má ṣí i o, ó ń sàba!”

Òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ìyá tòlótòló, tí kì í fẹ́ ariwo lórí ẹyin rẹ̀, na ọrùn síta, ó sọ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ kíkankíkan. Bàbá fò dìde pẹ̀lú páànù lọ́wọ́, páànù bọ́, ó sì dojú sókè níwájú gbogbo wọn. Òpópónà Àjíbóyè.

Morẹ́nikẹ́ ló rọra béèrè pé, “Bàbá, ṣé kí n yà á?”

Bàbá Ọláwoyin ni wọ́n yàn ní Sátidé. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa ni pé kí Akínpẹ̀lú di òpó mú nígbà tí wọ́n bá ń kan pátákó padà. Morẹ́nikẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì wà lára ògiri ilé ìpàdé wọn dòní. Pátákó wà lókè, ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí àkàrà. Àlejò tó bá wọlé á béèrè ohun tó ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yìí. Ìyá Ṣadé ló máa ń dá wọn lóhùn.

“Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan,” á ní. “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.”