Oore-ọ̀fẹ́ ní Ìgèdè

Ọdún 1979 ni, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n dìbò. Lọ́yà Bámgbóyè, tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Adó, ojú rẹ̀ le. Tísà Adébíyìí, tó máa ń túmọ̀ ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lọ́yà fún ará ìlú báyìí, dúró níwájú rẹ̀, ó di fìlà mọ́wọ́.

LỌ́YÀ: Tísà, lánàá ní Ìgèdè, mo dánu dúró kí n mu omi. Nígbà tí mo gbé ife kúrò lẹ́nu, àga nìkan ni mo rí.

TÍSÀ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

LỌ́YÀ: Níbo làwọn èèyàn lọ?

TÍSÀ: Wọ́n lọ sílé, sà. Mo ti ṣe oore-ọ̀fẹ́.

LỌ́YÀ: Oore-ọ̀fẹ́ wo?

TÍSÀ: Ti Jésù Kristi Olúwa wa. Ẹ ti lo wákàtí kan, sà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí oníwàásù bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó wá mu omi, ó ti parí nìyẹn. N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

LỌ́YÀ: N kò tíì ní kí wọ́n dìbò fún mi.

TÍSÀ: Wọ́n ti ṣe Àmín, sà. Omi ẹ̀rọ, wọ́n ṣe Àmín. Iná mànàmáná, wọ́n ṣe Àmín. Ìyá Sẹ̀gilọlá, ìyá àgbà tó jókòó níwájú, tiẹ̀ sunkún.

LỌ́YÀ (inú rẹ̀ dùn díẹ̀): Ibo ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn?

TÍSÀ: Ibi tí ẹ ti ń na ìka, sà. Ó ní ohunkóhun tí àwọn bá fi ṣẹ̀ yín, kí ẹ forí jì wọ́n.

*Lọ́yà dìde. Ó tún jókòó.*

LỌ́YÀ: Akínlẹ́yẹ agégẹdú tó ń bá mi du ipò ńkọ́? Kí ló sọ fún wọn nígbà tó lọ sí Ìgèdè?

TÍSÀ: Kò sọ nǹkan kan, sà. Ó fi èdè ilé kí wọn, "Ẹ kú ulé o, ẹ kú uṣẹ́ o." Ó béèrè orúnkún Ìyá Sẹ̀gilọlá. Ó wá jókòó, ó ń gbọ́ tiwọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

LỌ́YÀ: Kò ṣèlérí iná?

TÍSÀ: Àwọn ni wọ́n gbé àtùpà wá fún un.

LỌ́YÀ: Èmi náà lè kí wọn, ọmọ Adó ni mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń sọ èdè ilé, wọn á ní kí ni mo lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún odindi ọdún mẹ́jọ.

TÍSÀ: Wọ́n ti ń béèrè ìyẹn náà, sà.

LỌ́YÀ: Ó dáa. Ìlú Ìyìn là ń lọ lọ́la. Irú Ìyá Sẹ̀gilọlá ò ní ṣàì wà níbẹ̀. Ṣe bí ìyá náà, kí n kí ọ wò.

*Tísà fa àga kan, ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.*

LỌ́YÀ: Ẹ kú ulé o, ìyá. Orúnkún ńkọ́?

TÍSÀ: Orúnkún ò jẹ́ n sùn lánàá, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti bí Ìdòwú ni...

LỌ́YÀ: Ẹ dìbò fún mi.

TÍSÀ: N kò tíì dé orí orúnkún kejì, sà.

*Lọ́yà fọwọ́ lẹ́rán.*

LỌ́YÀ: Ẹ̀rù ń bà mí, Tísà. Tí mo bá fìdí rẹmi, ojú wo ni màá fi wo àwọn ará ilé mi? Sọ òótọ́ fún mi. Ìwọ alára, ta lo máa dìbò fún?

*Tísà dìde, ó dá àga padà sáyè rẹ̀.*

TÍSÀ: Akínlẹ́yẹ ni, sà.

LỌ́YÀ: Ìwọ tí ò ń túmọ̀ mi?

TÍSÀ: Ẹ má bínú, sà. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló gbọ́ ohun tí ẹ sọ.