Ohun Tó Gbé Láòyè Wọ Inú Ẹ̀gún

Ǹjẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ọ̀dọ̀ Láòyè bíríkìlà, ará Òkè-Agbède, ni òwe náà ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ wo àpá tó wà ní itan ọkùnrin náà.

Láòyè yìí, eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ló fẹ́ràn jù láyé. Ẹ mọ irú eré náà: kìlómítà méjìlélógójì, tí èékánná ẹsẹ̀ á máa yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn gbé e padà wálé. Nígbà tó tún forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, ìyàwó rẹ̀ wí fún un pé, "Bàbá Fọlákẹ́, bí ọkọ̀ bá tún gbé yín wálé lọ́dún yìí, inú bàtà eré yín yẹn ni adìyẹ mi ó máa yé sí." Láòyè mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà, nítorí adìyẹ náà ti ń wo bàtà ọ̀hún.

Nítorí náà láràárọ̀, òun àti Múnírátù télọ̀ á jọ máa sáré lọ sọ́nà odò. Múnírátù ti parí irú eré yìí lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń kọ́ Láòyè. Òfin kan péré ló fún un: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sáré. Tí ọ̀rọ̀ ò bá lè jáde lẹ́nu yín mọ́, ẹ ti ń sá a jù nìyẹn." Òfin yìí dùn mọ́ Láòyè. Ẹsẹ̀ ló máa ń rẹ̀ ẹ́, ẹnu kì í rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, eré ọdún náà ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n sọ̀rọ̀ oníbàárà Múnírátù kan tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ara rẹ̀ tán, tó wá ní télọ̀ ló jí aṣọ òun gé. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún Láòyè, ìyẹn gùn díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan eré tó ń bọ̀.

"Kìlómítà tó kẹ́yìn ńkọ́?" Múnírátù bi í. "Kí lẹ máa ṣe níbẹ̀?"

"Mo ti rí i! Bàbá apárí kan á wà níwájú mi, á wọ ṣòkòtò pupa. Èmi á wá ṣe báyìí!"

Ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó ń lé apárí tí kò sí níbẹ̀. Múnírátù jókòó sórí òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àṣé Ògúndépò adẹ́mu ń bọ̀ láti ìdí ọ̀pẹ, àdá lọ́wọ́. Ó rí àgbàlagbà tó ń fò kọjá bí ìgalà, tó ranjú. Kò béèrè ohunkóhun. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bó o bá rí ẹni tó ń sá, kọ́kọ́ sá ná, kó o tó béèrè. Ó tẹ̀ lé e.

Láòyè gbọ́ ẹsẹ̀ gbì-gbì-gbì lẹ́yìn, ó rò pé Múnírátù ni. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àdá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Láòyè gbàgbé apárí. "Ẹ gbà mí o!" Igbe yìí ló mú kí obìnrin mẹ́ta tó ń pọn omi sọ garawa nù, kí wọ́n sì bá wọn sá, wọ́n ní ohun tó bá lé ọkùnrin méjì, tí ọ̀kan tún mú àdá dání, kò ní bi àwọn lórúkọ. Tíṣà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ sá, ó ní kẹ̀kẹ́ ò yá tó.

Láòyè tún bojú wẹ̀yìn: àwọn tó fẹ́ pa òun ti di márùn-ún! Ló bá yà kúrò lọ́nà, ó kó wọ inú ẹ̀gún. Gbogbo wọn kó tẹ̀ lé e, wọ́n rò pé ó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀gún fa ẹ̀wù ya, kò dúró. Ó fa ṣòkòtò ya, kò dúró. Iwájú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n já sí, níbi tí Baálẹ̀ ti ń fọ eyín.

Láòyè dọ̀bálẹ̀, ó yára dìde. Ẹ̀gún wà níkùn.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Ògúndépò fẹ́ ṣá mi pa!"

"Èmi kẹ̀?" Ògúndépò ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ohun tó ń lé ọ lèmi náà ń sá fún!"

"Ìwọ lò ń lé mi!"

"Kí n tó dé ńkọ́, kí ló ń lé ọ?"

Láòyè ronú. "Kò sí. Èmi ni mò ń lé bàbá apárí kan."

Baálẹ̀ rọra fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ tó ń dán. "Apárí wo?"

"Kò tíì sí, Bàbá. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i."

Ìgbà yẹn ni Múnírátù dé, ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sá irú eré yìí rí! Ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí!"

"Mò ń ké ni!"

"Igbe náà, ọ̀rọ̀ ni."

Àwọn ìyàwó Baálẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ àti epo jáde, títí oòrùn fi kan àtàrí ni wọ́n ń yọ ẹ̀gún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Láòyè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ parí eré náà, ó sì sunkún mọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn níwájú gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n fi rántí rẹ̀ ní Òkè-Agbède. Títí dòní, bí wọ́n bá rí ẹni tó sá wọgbó, wọn kì í tẹ̀ lé e mọ́. Wọ́n á dúró sójú ọ̀nà, wọ́n á ké sí i pé, "Ṣé ò ń lé nǹkan ni, àbí nǹkan ń lé ọ?" Torí ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bó bá sì jẹ́ Láòyè ni, méjèèjì ni.