Ọ̀bẹ Òkúta Tí Kò Ní Ìpẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Virgil Stambaugh, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ kàn dúró síbi tó ti lè rí yín. Kò ní pẹ́ tí yóò fi wá sọ ara rẹ̀ fún yín.

Virgil, àgbà òkúta! Ọkọ àpáta! A-bojú-wo-òkúta-kí-òkúta-fọ́! Kò sí ẹni tó fi oríkì wọ̀nyí kì í o. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n sára ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, tọ̀tún tòsì.

Ogójì ọdún ló fi ta kápẹ́ẹ̀tì ní Ohio. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ló wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi òkúta ṣeré, àwọn tí ń lu òkúta aláràbarà títí yóò fi di ọ̀bẹ, bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ṣe é. Ó ti lo ọdún mẹ́ta láàárín wọn báyìí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tíì rí tó fọ́: gíláàsì iwájú ọkọ̀ Boyd Mescher, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, ẹgbẹ́ yìí máa ń pàdé lórí òkè tí òkúta náà ti ń jáde. Wọn a jókòó sábẹ́ àtíbàbà, awọ màlúù lórí itan, wọn a sì máa kan òkúta kó-kó-kó bí ẹyẹ akókó. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Ilé ìkàwé ìlú ní kí wọ́n yan ọ̀bẹ kan ṣoṣo tí àwọn yóò gbé sínú àpótí onígíláàsì, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí abẹ́ rẹ̀.

Orúkọ! Láti ìgbà tí Virgil ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó múra. Kó tó kúrò nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lẹ pílásítà mọ́ ìka mẹ́rin ní ọwọ́ òsì rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ń fọ́ òkúta tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ní egbò. Ọwọ́ tirẹ̀ ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó. Nígbà tó dé orí òkè, ó tẹ́ aṣọ àrán dúdú sórí tábìlì, ó sì gbé ọ̀bẹ rẹ̀ lé e.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀bẹ náà rẹwà. Ó gùn tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó pupa bí epo, ìlà aró kan sì là á já láti etí kan dé èkejì. Boyd Mescher tó ti búra pé òun kò ní wo ohunkóhun tí Virgil bá gbé wá, òun náà wò ó.

"Ọjọ́ mẹ́jọ," ni Virgil wí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi í. "Ìwo àgbọ̀nrín nìkan ni mo fi lù ú. Àwọn kan ń fi bàbà lu tiwọn. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ló ni bàbà."

Boyd wo òòlù bàbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé èmi lò ń bá wí ni?"

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí òkúta ó wọ́."

"Orí ọmọ tuntun ni wọ́n ń sọ, Virgil."

"Òkúta ni tèmi."

Ibo ni Virgil ti rí ọ̀bẹ? Ẹ jẹ́ ká má fi bò. Ní oṣù kẹrin, Clete Dillow kú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ń fọ́ òkúta kí Virgil tó mọ̀ pé òkúta ń fọ́. Orpha ìyàwó rẹ̀ kó díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ síta fún títà. Virgil ra àpótí kan tó kún fún òkúta. Nígbà tó tú u délẹ̀, ó bá ọ̀bẹ yìí nísàlẹ̀, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ wé e. Àwọn tí ń fọ́ òkúta máa ń ha orúkọ wọn sí ìdí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí Clete ha tirẹ̀. Ọmọlúàbí ì bá dá a padà. Virgil wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ki ọ̀bẹ náà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tún dé pẹ̀lú pílásítà mẹ́rin. Boyd ló kọ́kọ́ rí i.

"Virgil, egbò tìẹ mà ń rìn o. Ọwọ́ òsì ló wà lánàá. Ọ̀tún ló jí sí lónìí."

"Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń ṣiṣẹ́," ni Virgil dáhùn, ó sì ki ọwọ́ sápò.

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo tán, ó kan ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà. Àwọn ènìyàn yìí kì í fi ìpẹ́ òkúta wọn, àfọ́kù pẹlẹbẹ tó ń bọ́ lára òkúta, sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí àwọn tí yóò walẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún òní má bàa rò pé ará àtijọ́ ló jókòó síbẹ̀. Kálukú a da ìpẹ́ tirẹ̀ sínú ihò, wọn a sì ju owó ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún náà sí i, kó lè jẹ́rìí. Ọdún mẹ́ta gbáko, ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí ni Virgil máa ń lọ wá páì èso ápù jẹ. Lọ́dún yìí, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yan ọ̀bẹ rẹ̀ fún ilé ìkàwé ni kó kọ́kọ́ dà, gbogbo ojú sì yí sí Virgil.

"Virgil," ni Boyd pè é, "ìpẹ́ tìẹ dà?"

"Ìpẹ́ kí ni?"

"Ìpẹ́ ọ̀bẹ rẹ. Èyí tó bọ́ lára rẹ̀."

Ó lè sọ pé òun gbàgbé rẹ̀ sílé. Irọ́ kékeré ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré kò yẹ ẹni ńlá.

"Àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ń da nǹkan nù," ni ó wí, ó sì gbé àyà síwájú. "Tèmi kì í ní ìpẹ́."

Ogójì ènìyàn wo ojú ara wọn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní òun ha odindi ẹja, tí ìpẹ́ kan kò sì jábọ́.

Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn ni Orpha Dillow dé, ó gbé garawa kan lọ́wọ́. Òun kì í fọ́ òkúta. Ogójì ọdún ló fi ń gbá èyí tí ọkọ rẹ̀ fọ́. Ìpẹ́ ìkẹyìn tí Clete fọ́ ló wà nínú garawa náà. Láti oṣù kẹrin ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò lè dà á nù. Lónìí ló gba ara rẹ̀ níyànjú, pé kó lọ sínú ihò pẹ̀lú ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó rí ìlà aró náà, ó sì dúró.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ìyáàfin," ni Virgil wí. "Ó mú."

"Mo mọ̀ pé ó mú. Ẹsẹ̀ mi ló máa ń bá ìpẹ́ rẹ̀ pàdé nílé ìdáná."

Ó da garawa sórí awọ màlúù díẹ̀díẹ̀. Ó ṣa ìpẹ́ pupa kan tó ní ìlà aró, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ. Kẹ́! Ó wọlé bí ọmọrí lórí ìkòkò. Ó mú èkejì. Kẹ́! Nígbà tó fi mú ìkeje, ìlà aró náà ti gùn kọjá etí ọ̀bẹ, kò já níbì kankan.

"Òkúta máa ń jọra," ni Virgil wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Wọn ò jọra, Virgil. Wọ́n bára mu ni," ni Boyd wí. "Àmọ́ o ò purọ́ tán o. O ní tìẹ kì í ní ìpẹ́. Báwo ni yóò ṣe ní, nígbà tí ìpẹ́ wà nílé olóhun?"

Orpha kò pariwo. Omi ti lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Mi ò wá ṣẹjọ́. Òkúta kan ṣoṣo tí ará ìlú lè ka orúkọ Clete lára rẹ̀ ni èyí tó wà lórí sàréè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di méjì."

Kò sí ẹni tó dìbò. Wọ́n kàn ń mi orí pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Virgil na ọwọ́ láti ká aṣọ àrán rẹ̀. Òógùn ti bò ó, kò sì sí ohun tí òógùn ń tú tó pílásítà. Èyí àkọ́kọ́ já bọ́. Ìkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìkẹrin fi bọ́, ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lójú gbogbo ayé, wọ́n mọ́ bí ìka ọmọ jòjòló.

Boyd ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ Virgil. "Èyí tó bọ́ lára tìẹ nìyí. Dà á síhò."

Virgil dà á síhò. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ olóríkì rẹ̀, ó sì wà á lọ láìjẹ páì.

Ọ̀bẹ náà wà nílé ìkàwé báyìí, ìpẹ́ méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ Clete Dillow lábẹ́ rẹ̀. Ní ti ihò, wọ́n ti dí i. Bí àwọn tí ń walẹ̀ bá débẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún òní, owó ẹyọ yóò sọ ọdún fún wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò bá pílásítà mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní sí lára ìkankan.