Bí Adéríbigbé Ṣe Wọ Ọkọ̀ Ayára Láìkí Àna Rẹ̀

Ẹ bá mi kí Adéríbigbé ọmọ Láwọyin, akọni Ìdí-Ọdán, ọmọ ilé ìkíni-kì-í-tán, ọmọ ẹlẹ́nu oyin tí í kí baba, tí í kí ìyá, tí í béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ ilé kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Nígbà kan rí, baba tó bí i lọ́mọ sin àlejò jáde, ó ń kí i lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, àlejò sì ní láti padà wá sùn. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń ṣàn lára ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn ogun rẹ̀ yìí.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ayára, abàmì tí í bú ramúramù kọjá ní téṣàn Ìdí-Ọdán, bẹ́ẹ̀ èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọkọ̀ tó ń rọra lọ nìkan ló ń gbé wọn. Nígbà tí ọmọ Adéríbigbé bí àkọ́bí rẹ̀ sí Ìbàdàn, baba rí i pé bí òun bá wọ èyí tó ń rọra lọ, wọn á ti sọ ọmọ lórúkọ kí òun tó dé, orúkọ tí òun ti tọ́jú pamọ́ á sì di òfo. Ó dùn ún wọra. Ó de fìlà, ó gbógun lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Sàláwù, ọ̀gá téṣàn.

"Ṣé àwa kì í ṣe èèyàn ni?"

"Èèyàn ni yín, bàbá. Àwọn tó ń sin yín wá sí téṣàn ló pọ̀ jù. Wọ́n á bá yín wọnú ọkọ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ṣàdúrà. Ojú irin kan ṣoṣo la sì ní. Bí ọkọ̀ yìí bá pẹ́ níbí, èyí tó ń bọ̀ lódìkejì á dúró dè é, tẹ̀yìn náà á dúró. Ẹ̀yin ń ṣàdúrà, gbogbo ojú irin ń ṣe àmín. Ìdí tí wọ́n fi ní kó máa kọjá nìyẹn. Mo ti bá yín bẹ̀bẹ̀, yóò dúró lọ́la kí wọ́n fi dán yín wò. Bó bá pẹ́, ó parí."

Adéríbigbé lọ káàkiri ìlú, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dágbére nílé. Gbogbo wọn gbà. Bàbá Ọláòṣé, baba ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò bá nílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dúró, èrò ń wọlé wéré. Akọni gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ni Bàbá Ọláòṣé bá yọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Àna mi, ṣé ó yá?"

Akọni rò ó wò. Bó bá dọ̀bálẹ̀, ọ̀nà dí, ọkọ̀ pẹ́, orúkọ lọ. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, kí ni aráyé á pè é? Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi agbára fà á sókè, ó dijú, ó wọlé láìkí àna rẹ̀. Àwọn obìnrin fọwọ́ bo ẹnu. Fèrè dún, ọkọ̀ sì gbéra lásìkò.

Bí ó ti ń yí ni Adéríbigbé na gbalaja sáàárín ọkọ̀, ó kọjú sí Ìdí-Ọdán, ó ń kí àna, ó ń kí ìyàwó àna, ó ń kí ewúrẹ́ àna, àwọn èrò sì ń dá a kọjá. Ó bá ìsọmọlórúkọ, ó sì sọ ọmọ ní orúkọ tó ti tọ́jú pamọ́.

Nítorí náà, kí gbogbo ìlú ẹ̀bá ojú irin gbọ́: Adéríbigbé ọmọ Láwọyin ti ṣẹ́gun orúnkún ara rẹ̀, ọkọ̀ ayára sì ti ń dúró ní Ìdí-Ọdán! Ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ló gbà lọ nígbà tó dé. Bàbá ti dárí jì í. Ìkíni ọ̀hún ni kò tíì parí.