Àyọ̀ká Gba Ekòló Lẹ́nu Àkùkọ

Àyọ̀ká rèé, ọmọ Látúndé! Ọmọ àgbẹ̀ Ìgbájọ, ọmọ akọni tó dojú kọ igbó dúdú tí igbó ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ ẹni tó wa iṣu tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu làwọn ará ilé rẹ̀ fi sọ ọ́ di ńlá bẹ́ẹ̀!

Ogun dé bá a lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń dán bí àwo, kó ìṣáná dé láti sun òkìtì ewé tí Àyọ̀ká fi bo ilẹ̀ ewébẹ̀ rẹ̀ tó ti ṣá.

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ ní ìwà ọ̀bùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kábọ́ọ̀nù tí rédíò ń wí kì í ṣe awo. Ohun tó ń bá èéfín lọ bí ẹ bá sun ewé ni. Ekòló ló ń wọ́ ewé lọ sísàlẹ̀, á jẹ ẹ́, á fi ìgbẹ́ rẹ̀ dì í mọ́ erùpẹ̀. Púpọ̀ nínú kábọ́ọ̀nù náà kì í tètè jáde mọ́. Òun ló ń mú ilẹ̀ sanra."

"Ìgbẹ́ lo wá fi ṣe ìṣúra! Ó dáa, fi ekòló kan ṣoṣo hàn mí. Bí n ò bá rí i, mo ṣáná."

Àyọ̀ká ki ọwọ́ bọlẹ̀ bí ẹni tó ń fa ọba jáde láàfin. Kábíyèsí sì yọ: aláìléegun tó ń la ilẹ̀ líle, aláìlójú tí kì í ṣìnà, akọ́lé tí kò lọ́wọ́! Kí Màmá tó wò ó, àkùkọ rẹ̀, balógun ológbe pupa, já wọ̀lú, ó gbá ekòló nírù mú.

Bí Àyọ̀ká bá fà á, á já. Ni akọni obìnrin bá gbá àkùkọ lẹ́sẹ̀ mú, ó dorí rẹ̀ kodò. Àkùkọ lanu láti ké, ekòló bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

"Yéè! Ó tutù!"

Màmá jù ú sílẹ̀. Ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu, ó wọlé lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ihò náà: erùpẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó ń ta sánsán bí òjò àkọ́rọ̀. Ó ki ìṣáná bọ ìdí ìró.

"Gbogbo agboolé, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá sun ewé níbí, èmi ni yóò bá jà! Ẹ sì wá so àkùkọ olórí kunkun yìí mọ́lẹ̀!"